Ọmọ Tí A Bí Lábẹ́ Afárá

Desmond, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí òkè, mo kí òtútù. Ṣé ara le? Ṣé ó ṣì ku àlejò kan ní abúlé yín tó ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kán? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, nítorí náà jókòó kí o tó ka ìyókù.

O ti di bàbá. Obìnrin ni. Ara Noreen pẹ̀lú ń le sí i. Mo mọ̀ pé ìwọ ì bá ti wà níbí bí kì í bá ṣe yìnyín tó ya lulẹ̀ dí ọ̀nà àfonífojì yín, tó sì já wáyà tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n mo rántí bí o ṣe búra pé ọmọ rẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ará New South Wales, pé Victoria ni wọn yóò bí i sí, níbi tí wọ́n ti mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, odò Murray, ààlà ìpínlẹ̀ méjèèjì, kún dé bèbè. Kápútéènì Trescott fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀rọ kí àárín afárá tí mò ń ṣọ́ lè gbéra. O mọ ìgbéraga ọkùnrin yẹn: ọ̀pá èéfín ọkọ̀ rẹ̀ ṣeé tẹ̀ wálẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́ rí. "Merle, afárá ló ń gbéra fún mi, èmi ò lè bẹ̀rẹ̀ fún irin!" Èmi náà a ní, "Ṣé adé lẹ dé sórí ni?" Afárá kò tíì gòkè tán tí wáyà kan fi yọ. Ó há síbẹ̀: mọ́tò kò lè gba òkè, ọkọ̀ Kápútéènì kò lè gba ìsàlẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni ìyá ìyàwó rẹ gbé Noreen dé. Ọmọ ti ń bọ̀, ilé ìwòsàn sì wà lódìkejì, ní Victoria. Dókítà ti kìlọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé kò gbọdọ̀ bímọ sílé. Ẹ̀rù bà mí, Desmond. Noreen ń pariwo pé, "Àǹtí Merle, ẹ sọ afárá yìí kalẹ̀, àbí kí n bí ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́!"

Afárá kò sọ̀. Kápútéènì ló darí ọkọ̀ wá sí bèbè: "Ẹ gbé e wọlé, ẹ yéé wò mí bí ẹni ń wòran." Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo bá wọn wọ ọkọ̀. Èbúté ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn afárá, nítorí náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀pá èéfín náà wálẹ̀. Èéfín bò wá mọ́lẹ̀. Lábẹ́ afárá mi gan-an ni ọmọ rẹ ti ké, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dúró ní èbúté. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí Noreen lára, ojú rẹ̀ sì là.

O mọ̀ bí èmi náà ṣe mọ̀ pé gbogbo omi odò yìí, títí dé bèbè Victoria yín, ti New South Wales ni. Mo sọ fún Noreen pé ọkọ rẹ̀ yóò fárígá. Ó ní, "Ẹ kọ̀wé sí i pé yìnyín ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló yọ́ di omi yẹn. Kò rí ọ̀nà wá, ó rán omi sí wa. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni mo bí ọmọ yìí sí." Mo sunkún, n kò fi pamọ́.

Kí Ọlọ́run dá ọmọ náà sí, kí ó fi ọ́ ṣe bàbá rere, kí ọ̀nà òkè tètè là.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Merle.

Àfikún: Noreen kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ lórúkọ kí o tó dé. "Ìwọ yìí" la ṣì ń pè é, ó sì ti ń dáhùn. Tètè máa bọ̀.