Iná Pupa Tí Mo Fi Tépù Bò

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mápó lọ́sàn-án, mo tẹ bíréèkì ọkọ̀ Jámánì tòkunbọ̀ mi, kò mú. Òkìtì yanrìn ẹni tó ń kọ́lé ló gbà wá, èmi àti ìyàwó mi.

"Bàbá Dúpẹ́, iṣẹ́ ayé ni," ló ń wí láti ìgbà náà. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní, "Àmín."

Kò mọ̀ pé mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá, iná pupa tó ń tàn yìí kì í ṣe eré o. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ bíréèkì." Iye tó pe ojúlówó bíréèkì ju owó ìfẹ̀yìntì mi lọ. Mo fi tépù dúdú bo iná náà kí ìyàwó mi má baà rí i. Mo sì ń wa ọkọ̀ náà kiri.

Opó àbúrò mi, tá a jọ ń gbé inú agbo ilé, ni ìyàwó mi ń fura sí báyìí. Opó náà kí i nírọ̀lẹ́ yìí, kò dáhùn.

Ojú tí ìyàwó mi yóò fi wò mí bó bá mọ òótọ́ ń bà mí lẹ́rù ju gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó lọ.

Mo ti lọ bó tépù náà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé yìí. N óò pe ìyàwó mi kó wá kà á, kí àyà mi tó tún já.