Òǹtẹ̀ Mi Lórí Gìtá Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Ìyàwó dé lónìí. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn — gìtá funfun, aṣọ àrán nínú àpótí, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń gbé e wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Orúkọ Gbajúmọ̀ wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ìbuwọ́lùwé dúdú tó gòkè láti ìsàlẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Gbajúmọ̀ olórin ti kú, síbẹ̀ àwọn olówó ṣì ń ti ara wọn nítorí ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn. Olóòlù, ọ̀gá wa tó ni ilé gbàǹjo, ti fi fọ́tò Ìyàwó síwájú ìwé ìpolówó. Ọjọ́ kejìlélógún ni gbàǹjo. Ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi kó tó di ọjọ́ náà. (Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Nínú ìwé tèmi yìí, kò tó bẹ́ẹ̀.)

Mo ní kó fún mi láyè. N kì í lu òǹtẹ̀ lọ́jọ́ tí gìtá bá dé. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwé yìí, mi ò nílò dígí mi tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Bí mo bá rí ìbuwọ́lùwé yẹn nínú òkùnkùn, màá dá a mọ̀. Gìtá mẹ́sàn-án tó ní in ni mo ti kọ ìwé ẹ̀rí fún, tí mo lu òǹtẹ̀ mi sí i, láàárín ọdún mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ Gbajúmọ̀ tó mi.

Lọ́sàn-án, ìyá àgbàlagbà kan gbé gìtá aláwọ̀ igi wá, wọ́n fi aṣọ ìbora wé e. Aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn ló ń rán aṣọ tí Gbajúmọ̀ fi ń ṣeré, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún àwọn ní gìtá náà. Mo wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. Wọ́gọwọ̀gọ. Lẹ́tà kan ńlá, òmíràn kékeré, bí ìgbà tí ọmọdé ń kọ́ ábídí. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀." Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tán.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "O ò tíì bi mí bó ṣe kọ ọ́." Wọ́n fi gìtá náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Ìgbà tí mo bá wò ó dáadáa, wọ́n ní, làwọn á tó wá gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ta ló ń kọ́ mi níṣẹ́ mi?

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo wò ó dáadáa. Ìbínú ni mo fi wò ó, kí n lè rí ohun tí màá fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ibi tí apá olórin máa ń sinmi lé lára gìtá — fáníìṣì ti bó níbẹ̀. Òógùn ti wọ igi, igi ti dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn wà, ó sì ti bá fáníìṣì bó lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n ti kọ orúkọ náà kí wọ́n tó fi gìtá yìí ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Sáńpéépà ni tiwọn, sáńpéépà sì máa ń fa ìlà sílẹ̀. Mi ò rí ìlà kankan.

Mo gbé fọ́tò àtijọ́ jáde. Gbajúmọ̀ lórí ìtàgé, gìtá aláwọ̀ igi láyà rẹ̀. Àpá kan wà nítòsí ọrùn gìtá nínú fọ́tò, ó tẹ̀ bí èékánná. Àpá náà nìyí lórí tábìlì mi.

Gìtá rẹ̀ ni. Ta wá ló láyà láti kọ jákujàku sára gìtá Gbajúmọ̀, tí Gbajúmọ̀ sì ń gbé e lọ síwájú èrò?

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Olóòlù ní kí ni mo ń fi gìtá aránṣọ ṣe nígbà tí Ìyàwó wà nílẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún ni mò ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Bàámi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Àwọn ló ń tún gìtá ṣe fún ẹgbẹ́ Gbajúmọ̀ títí ẹgbẹ́ fi tú ká. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ bí fáníìṣì àtijọ́ ṣe ń rùn, bí a ṣe ń fi èékánná mọ igi tó ti gbẹ àti igi tí wọ́n fi iná yan. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí àìsàn ti kọlù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n. Wọn ò fọwọ́ kan kálámù mọ́.

Mo júwe orúkọ wọ́gọwọ̀gọ yẹn fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ. Mo bi wọ́n bóyá Gbajúmọ̀ kọ̀wé báyẹn rí. Wọ́n ní kí n bá wọn bu omi. Nígbà tí mo bu omi dé, wọ́n ní oorun ń kun àwọn. Aago méjì ọ̀sán. Bàámi tí kì í sun oorun ọ̀sán.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ègé aṣọ kún ilẹ̀ débi pé mi ò rí ibi tí màá tẹ̀. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́: báwo ló ṣe kọ ọ́?

Ìwé ìwọ̀n ni wọ́n gbé jáde. Àyà, èjìká, gígùn apá. Ẹni tó bá wá gba aṣọ rẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, kó má baà padà wá sọ pé òun ò gbà á. Ìwọ̀n Gbajúmọ̀ fún ọdún méjìlá wà níbẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, àmì àgbélébùú ló fà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan. Lẹ́yìn náà, ìdajì orúkọ. Lọ́dún karùn-ún, orúkọ pé — wọ́gọwọ̀gọ, bó ṣe wà lára gìtá yẹn gẹ́lẹ́. Mo gbé dígí lé e, mo wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

"Kò mọ̀wé rárá nígbà tó kọ́kọ́ wá," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Orí tábìlì yìí ló ti kọ́ ọ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ tán láìwo èyí tí mo kọ fún un, inú ẹ̀ dùn, ó gba máákà ọwọ́ mi, ó kọ ọ́ sára gìtá ẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín."

Mo ní, àwọn tó ń tò fún ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń kọ ọ́ fún wọn?

"Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Wọ́n á kó gìtá wọlé lẹ́yìn ìtàgé, á kọ ọ́, wọ́n á gbé e jáde. Ọkùnrin gíga yẹn, ẹni tó ń tún gìtá wọn ṣe. Ó máa ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí òsì."

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí òsì. Mi ò bi wọ́n lórúkọ. Mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo sì gbàgbé àpò mi. Wọ́n pè mí padà láti wá mú un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

"Ẹ káàárọ̀, sà." Ìyẹn nìkan ni mo bá Bàámi sọ lónìí.

Ọjọ́rú, 12

Mo wá káàdì èsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi. Ọdún mẹ́fà, sáà mẹ́ta lọ́dún, Bàámi ló buwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Orúkọ tiwọn ni, kò jọ ti Gbajúmọ̀ lójú lásán. Mo gbé dígí lé e. Bí kálámù ṣe ń wọlé láti òkè. Bó ṣe ń gbéra díẹ̀ kó tó fa ìrù lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ọwọ́ kan náà.

Abájọ tí mi ò fi nílò dígí. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wo ọwọ́ yẹn. Mo pè é ní ìmọ̀, ọwọ́ bàbá mi ni mò ń dá mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gba ìyìn fún un.

Mo gbé káàdì náà àti fọ́tò Ìyàwó síwájú Bàámi. Wọn ò jiyàn. Wọ́n ní gìtá tí àwọn kọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbajúmọ̀ ló bẹ àwọn, ó ní bí ayé bá mọ̀ pé òun ò lè kọ orúkọ òun, wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìṣojú ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Òun ló ní kí n kọ ọ́. Ṣé olè nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ńkọ́, Bàámi? Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lẹ wò mí tí mo ń lu òǹtẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ti búra fún un. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo lu òǹtẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ò mọ ibi tí àwọn á ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Inú bí mi débi pé mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo sọ fún Olóòlù. Gbogbo rẹ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún jókòó. Ó ní gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan Gbajúmọ̀, ọwọ́ yẹn ni wọ́n mọ̀. Bí ọwọ́ kan náà bá wà lára gbogbo wọn, a jẹ́ pé ọwọ́ náà ti di ti Gbajúmọ̀. Kí n má parọ́ fún ìwé yìí: ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ mí létí.

Ó wá fi kún un pé, "Bàbá ẹ náà lo sì máa bà jẹ́." Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo ní mi ò ní lu òǹtẹ̀ kankan. Ó ní ta ni mo rò pé mo jẹ́. Mo ní èmi ni mo ni òǹtẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó tì, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, 17

Lẹ́tà mẹ́sàn-án, sí àwọn mẹ́sàn-án tí ìwé ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ wọn. Kò gùn. "Ìwé ẹ̀rí tí mo fún yín kò tọ̀nà. Kì í ṣe Gbajúmọ̀ ló kọ orúkọ tó wà lára gìtá yín. Bàbá mi ni." Gbólóhùn kẹta gbà mí ní wákàtí méjì. Mo kọ́kọ́ kọ "ẹlòmíràn ni". Mo ya á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ẹni àkọ́kọ́ pè. Ó bú mi, ó bú bàbá mi, ó bú ìyá mi tó ti kú. Ẹnì kejì, oníṣègùn eyín kan, bi mí bóyá bàbá mi ṣì wà láyé, kóun wá kí wọn. Mi ò mọ èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn nínú méjèèjì.

Ọjọ́rú, 19

Olóòlù ti rí ẹlòmíràn. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i láàárọ̀, ìwé ẹ̀rí dé kí oòrùn tó wọ̀. Ajẹ́rìí-Fọ́tò ni mo sọ onítọ̀hún.

Ó ní kí n kó ẹrù mi. Dígí, iná kékeré, búrọ́ọ̀ṣì, ife tíì, gìtá Ìyá Aránṣọ. Ó ní kí n fi òǹtẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀. Mo kó o sápò, mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbé gìtá lọ fún Ìyá Aránṣọ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí: Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé ìbúra Bàámi ń dà mí láàmú, àṣírí òkú.

"Àṣírí wo?" ni wọ́n wí, wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ìgbà tí kò mọ̀ ọ́n ló ń tijú. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó kọ ọ́ sára gìtá, ó gbé e síwájú èrò. Ẹ̀yin lẹ ò kà á."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Bàámi bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní, "Mo rí i lára gìtá yẹn o. Ìgbà tí mò ń pààrọ̀ okùn ẹ̀. Mo rò pé ọmọ ẹ̀ kan ló fi ṣeré." Wọ́n tún ní, "Kò sọ fún mi pé òun ti kọ́ ọ. Ó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ lọ."

Àánú wọn ṣe mí, inú sì ń bí mi sí wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní lọ́jọ́ gbàǹjo, kí n mú àwọn dání.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Gbọ̀ngàn kún. A jókòó sẹ́yìn, Bàámi nínú kóòtù wọn àtijọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyàwó síwájú, Olóòlù ní orúkọ Gbajúmọ̀ rèé, tòun tìwé ẹ̀rí. Mo dìde. Mo ní ìwé ẹ̀rí náà kò tọ̀nà, kì í ṣe Gbajúmọ̀ ló kọ ọ́, mo sì sọ ẹni tó kọ ọ́. Ohùn mi ò gbọ̀n. Ó yà mí lẹ́nu.

Olóòlù ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé ni mí, kí wọ́n má dá mi lóhùn, ẹlẹ́rìí mi dà? Bàámi di àga iwájú wọn mú, wọ́n dìde. "Èmi ni mo kọ ọ́."

Olóòlù mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti rí ọwọ́ wọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú máákà àti bébà wá bá wọn, ó ní kí bàbá kọ ọ́ kí gbogbo wa rí i. Bàámi gba máákà. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ìlà wá, ó wọ́, ó já, máákà bọ́ sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò wọ́n. Mo fẹ́ fa wọ́n jókòó, wọ́n gba apá wọn kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ọwọ́ mi ò gbà á mọ́," ni wọ́n wí. "Nígbà tó gbà á, mo kọ ọ́ dáadáa. Ẹ sáà wò ó." Wọ́n nawọ́ tó ń gbọ̀n yẹn sí Ìyàwó.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà ò sì ní ìkà nínú. Olóòlù padà sókè, ó pe iye. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó dín in kù, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó gbá òòlù mọ́ tábìlì, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn.

Lọ́nà ilé, Bàámi bi mí bóyá àwọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní inú ṣì ń bí mi sí wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Mi ò níṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí mi mẹ́sàn-án ti di bébà lásán. Bí wọ́n bá tún gbé Ìyàwó síwájú mi lọ́la, ohun kan náà ni màá sọ. Mo di apá ọ̀tún wọn mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò sì gbà á kúrò.