Igi Apá Bàbá Mi àti Fìṣíyé Tí Mo Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará ojúewé yìí, èmi ni mo fi ọ̀nà han àwọn tó gé igi apá bàbá mi, gẹdú olówó ńlá, lóko wa ní Ofè, bàbá mi ò sì tíì mọ̀. Mi ò kàwé jìnnà, ẹ bá mi fara dà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá bá mi, àwa méjèèjì la jọ ń jókòó pọ̀ nílé ìwé. Ó ní òun ń bá àwọn tó ń dáàbò bo igbó ṣiṣẹ́, pé tí a bá ti sàmì sí igi wa lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa lè gé e mọ́. Inú mi dùn... Bàbá mú mi káàkiri oko, mo ń tẹ fóònù, mo sì ń kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan bí bàbá ṣe ń pè é: Igi Ìyá Àgbà, Igi Olóyin, Igi Ìsinmi. Òjò ló lé wa wálé, a ò dé ìdí èyí tó wà lẹ́bàá odò. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sínú fìṣíyé KML, ìyẹn fáìlì tó ń kó àmì ibi pọ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tó bá ti ṣí i, gbogbo ibi tí mo sàmì sí á yọ sí i lórí àwòrán ilẹ̀, fóònù á mú un débẹ̀ láìbèèrè ọ̀nà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o... ọkàn mi ò kàn lọ síbi burúkú ni.

A lọ sìnkú ní Sakin. Ká tó padà dé, wọ́n ti fi ẹ̀rọ gé gbogbo wọn, wọ́n ti kó wọn lọ. Gbogbo wọn, àfi ti ẹ̀bá odò! Ta ni kí n tún fura sí? Mo rí ọ̀rẹ́ mi ní àdúgbò Plateau, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun lòun mú ẹ̀rọ dání ni, àbí ta ló kọ orúkọ igi sílẹ̀? Ẹni tí ìyá mi máa ń bu oúnjẹ fún kí wọ́n tó bu tèmi!

Àbúrò bàbá mi ni bàbá ń fura sí báyìí, torí òun ló máa ń sọ pé ká ta igi. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, àbúrò bàbá mi máa dúró níwájú àwọn àgbà ilé. Tí mo bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ló máa jìyà. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ojú wo ni màá fi wo bàbá mi?

Láàárọ̀ yìí bàbá pè mí. Wọ́n ní bóyá a ti pẹ́ jù ká tó sàmì sí àwọn yòókù, kí n tètè pe ọ̀rẹ́ mi dáadáa yẹn kó bá wa fi ti ẹ̀bá odò kún àwọn tí wọ́n ń dáàbò bò... Bàbá ti wọ bàtà oko, wọ́n jókòó síta, wọ́n ń retí mi. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n jáde lọ sọ fún wọn?