Bàbá Ẹ-Má-Mira, Ayàwòrán Ilé Sinimá

Nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni a ti bí Bàbá wa, ní oṣù kìíní ọdún 1944. Aránṣọ ni bàbá wọn, aránṣọ ni bàbá tó bí bàbá wọn. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Àwọn ni ọmọ kẹta, àwọn sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó kọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń jókòó sábẹ́ okùn tí ìyá wọn ń sá aṣọ sí, tí wọn a máa wo bí aṣọ tútù ṣe ń ṣẹ́ po. Bí ìyá bá rán wọn láti lọ ká aṣọ nítorí òjò, òjò ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀. Ìyá a ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kó o ká aṣọ ni, mi ò ní kó o máa wò ó bí ìran."

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1951, wọ́n sì jáde ní 1957. Ìwé wọn kò dára jù, kò sì burú jù. Ohun tí àwọn tí wọ́n jọ kàwé rántí ni ẹgba tí Bàbá jẹ lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Tíṣà ní kí gbogbo kíláàsì kun òkun ní búlúù. Bàbá kùn ún ní àwọ̀ tíì, wọ́n ní nínú gbogbo omi tí àwọn ti rí láyé, kò sí búlúù kankan níbẹ̀. Tíṣà nà wọ́n, wọn ò pa á rẹ́.

Ní 1958, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń po ọ̀dà àti bí lẹ́tà ṣe ń dúró déédéé láìlo rúlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ afọ́tò kan, tó kọ́ wọn láti máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé kí wọ́n tó kí onílé. Ìyókù, títì ló kọ́ wọn. Géètì tó dípẹtà, èéfín tó ń jáde lára áyọ́ọ̀nù, ọrùn ẹni tó sùn lọ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ni Bàbá ń mú wálé. Bí ẹ bá bá wọn jáde lọ ra búrẹ́dì, ebi lè ti lọ kí ẹ tó padà. "Ẹ dúró ná, ẹ má mira," ni wọn a wí, wọn a sì fa kámẹ́rà tàbí pẹ́ńsù yọ. Bí wọ́n ṣe di Bàbá Ẹ-Má-Mira nìyẹn. Iyì ni orúkọ náà lójú ará àdúgbò. Àwa tí à ń gbé inú ilé, tí oúnjẹ wa máa ń tutù nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bọ́ sínú abọ́, ká má purọ́, ó rẹ̀ wá.

Ní 1966, ilé sinimá gba Bàbá síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ya àwòrán fíìmù ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí tapólì ńlá tí à ń so kọ́ iwájú ilé náà. Tapólì kan ṣoṣo ni ilé sinimá ní. Tó bá di ọjọ́ Ajé, Bàbá yóò fi ọ̀dà funfun pa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́, wọn a sì ya tuntun lé e. Fíìmù kì í sì í dé títí di ọjọ́ tí a máa fi hàn án. Fọ́tò kékeré kan tó ti ṣú ni máníjà máa ń mú wá ṣáájú, pẹ̀lú ìtàn tó gbọ́ lẹ́nu awakọ̀. Ibi tí fọ́tò náà kò bá ti hàn, Bàbá ní láti wá imú àti ẹnu látibòmíràn.

Ibòmíràn náà ni Màmá wa. Màmá ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì nídìí fèrèsé kékeré ẹnu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni Bàbá ń wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tò sórí ìlà láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n ní fèrèsé náà ṣe férémù sójú Màmá. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1968. Láti ìgbà yẹn, gbogbo obìnrin tó bá wà níwájú ilé sinimá, ojú Màmá ni. Màmá jẹ ayaba, wọ́n jẹ amí, wọ́n jẹ ìyàwó tí ọkọ fún lọ́rùn pa. Ẹlẹ́ran tó wà lódìkejì títì a pariwo pé, "Ẹ̀yin Màmá, wọ́n tún ti pa yín lọ́sẹ̀ yìí o!" Màmá a ní, "Ẹ jẹ́ n délé, ẹni tó pa mí ń dúró de oúnjẹ."

Ọdún 1973 ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, àkọ́bí kò tíì lè dá wẹ̀, oorun ti dàwátì nínú ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá jókòó ti báàfù aṣọ, wọ́n bú sẹ́kún. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó bú wọn. Ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. Bàbá wọlé bá wọn, wọ́n sì sọ ohun tí ẹ ti mọ̀ pé wọ́n máa sọ: "Dúró ná, má mira." Wọ́n mú pẹ́ńsù.

Lọ́sẹ̀ yẹn, máníjà gbé fọ́tò òṣèré kan wá tó ń nu ojú, ó ní fíìmù ẹkún gidi ni. Omijé Màmá ni Bàbá yà sórí tapólì, ó tóbi bí ọpọ́n. Èrò mú áńkáṣíìfù wá. Àwọn kan ti sunkún díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé fíìmù àwàdà ni, pé ẹ̀rín ló pa òṣèré náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbójú sókè wo tapólì, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín lọ́tun. Màmá wà nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń gbọ́.

Màmá kò pariwo. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní, "Ẹ ti fi mí ṣe gbogbo èèyàn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo jẹ́ ara mi, gbogbo ìlú fi mí rẹ́rìn-ín. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ ó tún pa á rẹ́." Bàbá ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Màá ya tìẹ. Tìẹ gan-an. Kò sẹ́ni tó máa kun nǹkan kan lé e." Màmá dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń retí àwòrán náà.

Ọ̀la wá ń bí ọ̀la. Ní 1991, ilé sinimá ti ilẹ̀kùn, torí kálukú ti ń wo fíìmù nínú pálọ̀ rẹ̀. Máníjà gbé tapólì fún Bàbá láti fi dágbére. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti nípọn débi pé kò ṣe é ká mọ́. A gbé e ti ògiri yàrá bí ilẹ̀kùn. Bàbá padà sídìí pátákó kíkọ, wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀. Àwọn ló kun ìlà funfun tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń sọdá títì, bí ó bá sì ti ń pa rẹ́ ni wọ́n ń tún un kùn, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ìjókòó wọn. Pásítọ̀ sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé wíwo ìta kì í ṣe àdúrà. Bàbá bi í pé ta ló wá dá ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gba Ọlọ́run gbọ́ tọkàntọkàn.

Lọ́dún 2022, ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Wọ́n ní kí a gbé tapólì sétí fèrèsé, kí Màmá wá jókòó. Kò sí ayaba, kò sí amí. Wọ́n ya irun funfun, wọ́n ya iwájú orí, wọ́n ya ojú pẹ̀lú gbogbo ìlà abẹ́ rẹ̀, wọ́n ya imú. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, ti òsì ń dì í mú. Nígbà tó kan ẹnu, iṣẹ́ dúró, torí Màmá kò dákẹ́.

"Ṣé ẹ ti lo oògùn? Ẹ mu omi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn sórí àpótí."

"Dúró ná, má mira."

"Bí mi ò bá mira, ta ló máa rán yín létí?"

Bàbá a gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọn a ní ó di ọ̀la. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá sùn, wọn ò jí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi aya wọn sáyé lọ. Pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin: àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbejì ọkùnrin, tí ọ̀kan jẹ́ awakọ̀, tí èkejì jẹ́ káfíńtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí yìí, àti àbígbẹ̀yìn tó ń fi kámẹ́rà jẹun. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án wà, àbúrò kan tó ṣì ń ránṣọ, àti ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́. Ó rẹ gbogbo wa. Ìtọ́jú wọn rẹ̀ wá. Àìsí wọn tún wá rẹ̀ wá ju ìyẹn lọ, torí kò sí ẹni tí yóò dá wa dúró lójú ọ̀nà mọ́.

Ẹ ó rí tapólì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun ya ẹnu tó kù, nítorí òun mọ ọwọ́ ọ̀gá òun. Màmá wo àwòrán náà títí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti ṣèlérí fún mi pé kò sẹ́ni tó máa kun nǹkan kan lé e. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń fi ẹnu mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Bàbá Ẹ-Má-Mira, ẹ ti dá wa dúró tó. Ó wá kàn yín. Ẹ dúró ná, ẹ má mira. Ẹ sùn re o.