Yàrá Ìsàlẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Èmi ni mò ń sọ ọ́, àbúrò mi obìnrin ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: bó bá ṣe bọ́ lẹ́nu mi ni kó kọ ọ́, kó má fi ìmọ̀ ìwé ṣe é lóge.

Àkọ́bí mi fẹ́ kọ́lé. Ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbalasa, bíríkìlà ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ — ó ti lọ gba obìnrin tó máa ṣètò inú ilé. Mo ní inú ilé wo? Ó ní, "Màmá, ó dáa kó tètè mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà àti ibi tí iná máa wà, ká má baà mọ ògiri tán ká tún máa fọ́ ọ."

Ó ní èmi àti ìyá ìyàwó òun la jọ máa wá gbé níbẹ̀.

Èmi àti ta?

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa ń pe ìyá náà, lábẹ́lẹ̀. Sọ fún un pé òjò rọ̀, á rẹ́rìn-ín. Sọ fún un pé kò rọ̀, á tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Obìnrin tó máa ṣètò inú ilé dé. Téèpù ìwọ̀n ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Onítéèpù. Ó wọn àga mi, ó ní kí n nawọ́ sókè kí òun mọ ibi tí ọwọ́ mi lè dé. Ó wá ń bi mí ní ìbéèrè, Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín sì jókòó síbẹ̀, etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Orúnkún ńkọ́, Màmá? Mo ní ó wà, ó ní kí n kí ọ. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Mo ní bí ewúrẹ́ ni mo ṣe ń gùn ún. Ṣé ẹ máa ń dìde lóru? Mo ní bí mo bá ti sùn, ó di àárọ̀.

Àbúrò mi wúkọ́. Kó kọ ọ́ pé ó wúkọ́.

Ó wá kan ìyá kejì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ò ríran, orúnkún ń ké. Onítéèpù sún àga mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọ tí mo bí yọ tìmùtìmù lẹ́yìn mi, ó fi ti ìyá oníyàá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Orúnkún ò jẹ́ n sùn. Kò kan ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Onítéèpù kó aṣọ fèrèsé wá. Ọ̀dọ̀ ta ló kọ́kọ́ kó o lọ? Ẹ ti mọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní èyíkéyìí.

Ọmọ mi ń pe obìnrin yẹn ní "Màmá wa". Wa ta ni? Orí rẹ̀ ló fi ṣíwájú jáde nínú mi, èmi ni mo mọ bí orí náà ṣe tóbi tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n kó gbogbo wa lọ sórí ilẹ̀. Onítéèpù àti bíríkìlà ti kan èèkàn, wọ́n ta okùn sí i, bí ilé náà ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́. Ó ní kí oníkálùkù lọ dúró sí yàrá rẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ń ro ọbẹ̀ tí kò sí nínú ìkòkò tí kò sí. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín wọ yàrá kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀.

Mo ní, "Tèmi dà?"

Onítéèpù nàka sókè. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, Màmá. Ṣebí ẹ ní orúnkún ò yọ yín lẹ́nu."

Gbogbo ayé dúró sínú ilé. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn okùn bí ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà. Mo gbójú sókè wo yàrá mi — ẹyẹ kan ń fò kọjá nínú rẹ̀.

Ọmọ mi ní ṣé mo fara mọ́ ọn. Mo ní mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Àna mi, ẹ gba ìsàlẹ̀, èmi á máa rọra gun òkè." Mo ní kó máa mú yàrá rẹ̀ lọ, mi ò tọrọ. Àánú rẹ̀ ta mí ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ.

Bíríkìlà ní Ọjọ́ Ajé lòun máa gbẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àtúnṣe.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìlara ni. Kò ní orúkọ mìíràn. Ẹnu mi ni mo fi gbé ara mi lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo ní kí àbúrò mi pe Onítéèpù lórí fóònù. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tún ìbéèrè ẹ bi." Orúnkún? Ó ń pa mí. Àtẹ̀gùn? Ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Òru? Mò ń dìde, mo sì ń di ògiri mú.

Ó ní ìsàlẹ̀ ò gba yàrá mìíràn mọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá sún ẹnu ọ̀nà, èyí tó wà á gba bẹ́ẹ̀dì méjì. Kí n lọ bá ẹni tó ni yàrá sọ ọ́ fúnra mi.

Ó ká mi mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ kí bíríkìlà tó dé. Mo ní, "Àna mi, irọ́ ni mo pa. Orúnkún mi burú ju tiyín lọ."

Ó ní, "Kò lè burú tó tèmi."

Mo ní ó burú jù ú lọ dáadáa. A fà á títí. Ó ní ó dáa, ká jọ máa gbé inú yàrá náà, ṣùgbọ́n ṣé mo máa ń hanrun? Mo ní bí mo bá ń hanrun, mi ò gbọ́ ọ rí. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Onítéèpù dé, ó fa èèkàn ẹnu ọ̀nà tu, ó kàn án síbòmíràn. Ó ní ta ló máa sùn lápá fèrèsé. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín yíjú láti wo apá ibẹ̀.

Mo ti dúró síbẹ̀.