Obìnrin Tó Ń Sunkún Nínú Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ohùn yín ò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo àṣírí orúkọ mi.

Ẹ ó rántí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èyí tí ọlọ́pàá kan tó ń tiro ti máa ń wá apànìyàn. Mo fẹ́ràn eré yẹn gan-an. Tí orin ẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi, tó jẹ́ wẹ́dà, á yí ohùn tẹlifíṣàn sókè, á wá bọ́ bẹ́líìtì. Á lù mí bí ẹni lu bàrà. Ìbọn ń dún níbẹ̀, ìgbátí ń dún létí mi. Eyín mi kán lọ́jọ́ tí wọ́n mú apànìyàn. Síbẹ̀, láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti ń wòran. Tí ọlọ́pàá yẹn bá já ilẹ̀kùn wọlé, màá ní lọ́jọ́ kan, tiwa ni yóò já.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò sá. Ọkọ mi ti kú.

Àná, ìyá aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ìyàwó, àárò eré yẹn ń sọ mí. Èmi ò ní tẹlifíṣàn, ara ògiri yín ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Obìnrin tó máa ń sunkún nínú ẹ̀ mọ eré ṣe o. Ṣé wọ́n padà gbà á sílẹ̀?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ìyá yẹn ń retí èsì. Kí ni kí n sọ fún un?