Ekòló Ọgọ́ta Nínú Agolo Bàbá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Ekòló rọ́bà tí a fi ń tan ẹja, mẹ́jọ ni mo fà ya láàárọ̀ yìí. Mẹ́jọ! Ẹja mẹ́ta péré. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ lo ẹyọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ó mú mẹ́sàn-án. Ó tún wá fọ ekòló náà, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sínú ọ̀rá rẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.

Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ — ọkọ àbúrò mi obìnrin ni. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́, ó ń jẹun pẹ̀lẹ́, aago ọwọ́ ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tó bá a mu. Èmi, bíríkìlà ni mí. Síméńtì ti jẹ ọwọ́ mi.

Bàbá ló kọ́ mi ní ìwọ̀ jíjù, láti ìgbà tí mi ò tíì lè gbé àjẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Pákó ìjókòó méjì: ti ẹ̀yìn, ti Bàbá, ti iwájú, tèmi. Ogún ọdún gbáko. Láti ìgbà òjò tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ ló ń jókòó síwájú. Èmi ń ju tèmi láti etí omi, bí àlejò.

Ìdíje ẹja pípa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni méjì nínú ọkọ̀ kan. Bàbá ò tíì sọ ẹni tí wọn yóò mú. Ṣùgbọ́n lónìí, níṣojú gbogbo ènìyàn: “Ẹni tó bá mọ ekòló tọ́jú ló mọ ẹja pa.” Wọn ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì

Orí ń fọ́ mi. Mi ò lọ síbì kankan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo rò ó lórí àkàbà títí mo fi to búlọ́ọ̀kù méjì ní wíwọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní ṣé ó rẹ̀ mí ni. Kò rẹ̀ mí. Inú ló ń bí mi.

Bó ṣe ń ya nìyí. Ẹja tí à ń pa, Ẹlẹ́nu là ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ tó àpò. Ohun tó bá ń mì tìtì nínú omi ló máa ń gbé mì. A óò gún ìwọ̀ la agbedeméjì ekòló rọ́bà, orí àti ìrù rẹ̀ á máa jó lọ́tùn-ún lósì, Ẹlẹ́nu á rò pé ẹran rèé. Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Kí ẹja gbọnrí lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ó ti já sí méjì. Nígbà tí mo ṣì ń wọ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni mo máa ń ju èyí tó ya sí. Ní báyìí, etí omi ni. Bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ wá a nínú koríko, wọ́n á ṣà á sápò. Wọ́n ní kí ẹyẹ má baà gbé e mì. Èmi rò pé wọ́n ń bá mi wí ni.

Mo sọ ọ́ fún Adájọ́ — ìyàwó mi, tí kì í gbọ́ ẹjọ́ kó má dá a. Ó ní, “Àgbàlagbà bíi tìẹ, ò ń jowú nítorí ekòló.” Mo ní kì í ṣe ekòló. Ó ní, “Kí wá ni?” Inú ìwé yìí ni mo ti dáhùn: Pákó iwájú ni. Bàbá mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo lọ ṣe amí. Mo díbọ́n pé aago mi ò ṣiṣẹ́. (Mo fà á dúró níta kí n tó wọlé.)

Ṣọ́ọ̀bù náà ò ju ilé adìyẹ lọ. Tábìlì kan, fìtílà kan, awò kékeré tó ń fi há ojú, aago ogiri mẹ́rìnlá tí èyí tó lu mẹ́ta ń bá èyí tó lu mẹ́wàá jà. Mo sì rí àṣírí náà lórí tábìlì, láìfarapamọ́: òrùka rọ́bà dúdú, irú èyí tí wọ́n ń fi dí ẹ̀yìn aago kí omi má wọ̀ ọ́. Ó ń fi kọ́ ekòló láàárín bí a ṣe ń fi òrùka sí ìka, ó wá ń ti ìwọ̀ gba abẹ́ òrùka. Ìwọ̀ ò gún ekòló rárá! Òrùka ni ẹja ń fà.

Mo rò pé yóò gbá a sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì kí n má baà rí i. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n fi hàn yín.” Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó òrùka ogún fún mi nínú bébà. Ó ṣí aago mi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ká ní ó fi pamọ́ ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú mi kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òrùka mọ́kànlá já lọ́wọ́ mi. Ìyókù bọ́ sínú koríko. Ìka mi kọ̀ jálẹ̀.

Mo wá gbé gúlù jáde, mo ní n ó lẹ èyí tó ya. Ìka méjì àti ekòló kan di ọ̀kan náà. Kékeré — àbúrò mi, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ — rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹja wo lẹ fẹ́ fi ìka pa?”

Èyí tó dùn mí jù: nínú ọkọ̀, láàárín omi, mo rí i tí Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ fi orí kan orí Bàbá. Ó ń bá wọn so ìwọ̀. Ìwọ̀ Bàbá! Tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo rí tèmi náà rà. Ìyá Oníwọ̀ ló tà á fún mi, ẹni tí gbogbo wa ń ra ìwọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ekòló píńkì, irú rọ́bà mìíràn. “Èyí kì í ya. Fà á wò.” Mo fà á, ó gùn tó apá mi. Mo fi í sílẹ̀, ó padà sípò. Páálí kan péré ló wọlé, èmi nìkan ló rà á.

Ó kìlọ̀ fún mi: “Má kó o pọ̀ mọ́ àwọn rírọ̀ yẹn o. Wọn kì í bára gbé. Àwọn yẹn á yọ́ bí àtè.”

Mo gbé e lọ han Bàbá. Wọ́n fi ìka méjì yí i, wọ́n fà á, wọ́n ní, “Èyí kì í ṣe ekòló, rọ́bà ìdí ṣòkòtò ni.” Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Kékeré ní ọ̀sán ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun. Mo ní, ojoojúmọ́? Ó ní, ojoojúmọ́, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ó tún fọwọ́ bo ẹnu, bíi pé ó ti sọ àsọjù.

Bàbá ò tíì dé ilé mi láti oṣù tó kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ti ṣe é. N ó kọ ọ́ síbí, nítorí mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo ya ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Agolo bisikíìtì Bàbá wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń kó ìṣó sí nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe káfíńtà. Ó ṣí sílẹ̀. Ekòló ló kún inú rẹ̀ — wọ́n tò wọ́n gbọọrọ, kò sí èyí tó ká kò, olúkúlùkù pẹ̀lú òrùka dúdú ní ìbàdí. Mo tẹjú mọ́ wọn. Lára wọn ni ojú ìsopọ̀ wà, tín-ín-rín. Ó máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná kan ojú ibi tó já, á pa méjèèjì pọ̀, á dì í mú títí yóò fi tutù. Bí ẹni rán ọgbẹ́.

Mo ní, “Ta ló ni èyí?” Ó ní, “Ti ìdíje ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ti tán nìyẹn. Bàbá ti mú un. Wọ́n tún gbé agolo wọn fún un. Ogún ọdún mi lórí pákó yẹn, ó di ìtàn.

Ó jáde lọ bu omi. Píńkì kan wà nínú àpò mi. Mo gbé ìlà òkè sókè, mo fi í sí àárín gbùngbùn, mo tò wọ́n padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, ọwọ́ mi ṣe pẹ̀lẹ́.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo mọ̀ pé èmi ni kòkòrò náà. Mo sì mu omi tútù nígbà tó gbé e dé, mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Oòrùn mú gan-an lónìí. Inú mi dùn sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò. Kò sẹ́ni tó lọ sómi. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò yà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ juwọ́ sí mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bàbá wá sílé mi nírọ̀lẹ́. Kékeré ló di ọwọ́ wọn mú wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá wọn ṣeré ni, àfi ìgbà tí wọ́n fọwọ́ wá etí tábìlì kí wọ́n tó gbé kọ́ọ̀bù lé e.

Wọ́n ní ojú àwọn ń lọ. Láti ìgbà òjò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ; ó lè dáa, ó lè má dáa. Mo ní, Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Wọ́n ní, “Ìwọ bíríkìlà? Bí o bá ti rí ògiri tó sán, ṣé o máa ń yé wò ó? Mi ò fẹ́ kí o máa wò mí bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n ní wọn ò rí ojú ìwọ̀ mọ́, ọkọ Kékeré ló ń bá wọn so ó. Ìdí tó fi ń jókòó síwájú nìyẹn. “Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwọ lo ni ìjókòó rẹ. Bóyá ìkẹyìn mi ni. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Inú mi dùn. Ó dùn dé ibi tí ẹkún ti fẹ́ jáde. Mo gbàgbé gbogbo nǹkan.

Bàbá wá sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé tó ní àṣírí. Wọ́n ní àwọn ti ṣe nǹkan kan fún mi. Gbogbo ekòló tí mo ti fà ya láti ọdún yìí wá ni wọ́n ṣà. Àwọn ń fi ìka wá ibi tó já, ọkọ Kékeré ń jó o pọ̀. “Ọgọ́ta. Bí ọwọ́ rẹ ṣe le tó, o ò ní lè fà wọ́n tán.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ ní kí ló dé tí ojú mi rí báyìí. Mo ní ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó ṣí i. Mo ní kó jẹ́ n wo agolo yẹn. Ó ní ó ti wà nílé Bàbá láti ọjọ́ Ajé, àwọn ti fi téèpù dì í, Bàbá ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. “Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ò jìnnà.”

Kò jìnnà lóòótọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo jókòó sórí pákó iwájú.

Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ dúró nínú omi dé orúnkún, ó di ọkọ̀ mú fún wa. Bàbá gbé agolo lé ẹsẹ̀, wọ́n bó téèpù rẹ̀, wọ́n ṣí i. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ti ìka bọ inú rẹ̀, ìka lẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ọgọ́ta ti di odidi ìṣù kan, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀, dúdú, òrùka aago rì sínú rẹ̀ bí òkúta nínú ẹrẹ̀.

“Kí ló dé?” Bàbá ní. “Kí ló ṣe é?”

Ìrù píńkì kan yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ rí i. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, kò pẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni. Mo gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù, tí mi ò bá kọ ọ́ síbí n ó tún di onírọ́: bí mo ṣe jókòó yẹn, owú rẹ̀ tún ni mò ń jẹ. Pé irọ́ náà yá a lẹ́nu, láìronú, nítorí mi. Pé ó mọ bí a ṣe ń dí ibi tó ya, títí kan èyí tí èmi ya. Èmi ò mọ̀ ọ́n.

 Ìka Bàbá ń wá nǹkan kiri nínú ìṣù náà, díẹ̀díẹ̀, ó kan èyí tí kò yọ́. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fi ìka méjì yí i. Wọ́n fà á — ó gùn tó apá. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó padà sípò.

Wọ́n nù ún mọ́ ṣòkòtò wọn. Wọ́n fọwọ́ wá ọwọ́ mi lórí pákó títí wọ́n fi rí i, wọ́n fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n pa ìka mi dé lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Tìẹ nìyí,” wọ́n ní. “So ó mọ́ ìwọ̀ mi.”

Fèrè ìdíje dún, àwọn ọkọ̀ yòókù lọ.  Mo so ó, ó tú, mo tún un so. Bàbá ṣì na okùn ìwọ̀ wọn sí mi, wọ́n dúró dè mí.